Ọmọ tó ń tẹ kíbọọ̀dù ní ìjọ: báwo ni yóò ṣe di atẹdùrù àti olùkọ́ orin?

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 16, ló ń tẹ kíbọọ̀dù fún ìjọ wa ní Badagry. Kò lè ka orin nínú ìwé, etí ló fi ń gbọ́ ọ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ di atẹdùrù ìjọ àti olùkọ́ orin. Ọ̀nà wo ni kó gbà, ṣé iṣẹ́ náà sì lè bọ́ ọ?

Ìdáhùn: Mo kí yín, mà. Ẹ̀bùn ńlá ni etí tó mú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kíka orin láti inú ìwé ni yóò sọ ọmọ yín di oníṣẹ́. Bó bá ti mọ dó-rè-mí nínú ẹgbẹ́ akọrin, kí ó gba ibẹ̀ wọ inú àmì orin orí ìlà márùn-ún, kí ó máa tẹ orin ìjọsìn kan lójúmọ́, pẹ̀lú ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Dùrù ìjọ (organ) kì í ṣe kíbọọ̀dù tó tóbi. Ohùn pianó a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ bí ìka bá ti kúrò lórí dùrù, ohùn gé nìyẹn. Ìdí nìyí tí atẹdùrù fi ń pààrọ̀ ìka lórí ìtẹ̀ kan náà láì jẹ́ kó gbéra: ìka kẹrin tẹ̀ ẹ́, ìka kárùn-ún yọ́ wá rọ́pò rẹ̀, ìka kẹrin sì lọ bá ohùn tó kàn. Lábẹ́ rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ ń tẹ ohùn ìsàlẹ̀ lórí ìtẹ̀ tó wà fún ẹsẹ̀, láì jẹ́ pé ojú wo ilẹ̀. Pianó ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ olùkọ́ gidi. Afẹ́fẹ́ òkun Badagry kì í jẹ́ kí ohùn pianó onígi dúró pẹ́, nítorí náà pianó oníná tó ní ìtẹ̀ 88, tí ìtẹ̀ rẹ̀ wúwo, ni mo gbà yín nímọ̀ràn.

Kí ó tètè ṣe ìdánwò tíọ́rì ìpele 5 ti ABRSM, ìyẹn àjọ ìdánwò orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìpele 6 lórí ohun èlò. Lẹ́yìn èyí, ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Onikan, Èkó, wà, ẹ̀ka orin ní Yunifásítì Obafemi Awolowo (OAU) ní Ifẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ atẹdùrù àgbà ni ẹnì kan ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí jù. Ekundayo Phillips, tó kàwé ní Trinity College ní London, tẹ dùrù Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 dé 1962. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, atẹdùrù àti olùkọrin sílẹ̀, ti kẹ́kọ̀ọ́ kó tó gba FRCO, oyè àgbà fún atẹdùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1943.

Ní ti owó, ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń san kì í tó gbọ́ bùkátà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni òpó rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ilé, ìgbéyàwó àti ìsìnkú a sì máa kún un. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, béèrè ìwé ẹ̀rí olùkọ́; bí oyè rẹ̀ bá jẹ́ orin nìkan, kí ó fi PGDE, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni tí a ń gbà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, kún un.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ ìjọ kankan, ẹ bèèrè bóyá wọn yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́ láti wọlé dánra wò láàárín ọ̀sẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún un ní báyìí ju àfikún owó oṣù lọ.