Kí Ló Dé Tí Iye Bàálù Ogun Amẹ́ríkà Kì Í Bára Mu Láti Ìwé Dé Ìwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ máa ṣe àkójọ ọdọọdún nípa Ọmọ Ogun Òfuurufú Amẹ́ríkà àti Space Force wọn (ẹ̀ka ológun tó ń bójú tó sátẹ́láìtì àti iṣẹ́ ojú sánmà): iye èèyàn, bàálù, àti owó. Ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé jáde ni mò ń lò, síbẹ̀ iye inú wọn kì í dọ́gba. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gba ọ̀kankan. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun kan náà ni wọ́n kà, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ti bàálù. Ìwé kan lè ka gbogbo èyí tó wà lórúkọ iléeṣẹ́ ológun náà, títí kan ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ti àyẹ̀wò, ti àfirọ́pò àti èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn atúnbàálùṣe. Òmíràn á ka kìkì èyí tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ ogun gan-an. Ìwé kan á fi ti Air National Guard àti Reserve, ìyẹn àwọn ọmọ ogun òfuurufú tó wà ní ìpamọ́, kún un, èkejì ò ní fi kún un. Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ, àmọ́ ẹ ò lè tò wọ́n pọ̀ sínú òpó kan. Ẹ yan ọ̀nà kan, kẹ́ ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, kẹ́ ẹ sì máa lò ó lọ́dọọdún. Bí àpẹẹrẹ, bàálù ajubọ́ǹbù B-2 tí wọ́n ṣe jẹ́ 21, àmọ́ ọ̀kan já ní erékùṣù Guam lọ́dún 2008, òmíràn bàjẹ́ nínú ìjàǹbá ọdún 2022, wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ní tún un ṣe. Ẹni tó bá ṣì ń kọ 21 ti fi iye tí wọ́n ṣe rọ́pò iye tó wà.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́. Ọdún ìṣúná Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ó sì ń parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Èmi á fara mọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án fún iye èèyàn. Iye tí òfin fọwọ́ sí àti iye tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ fún kálukú ní òpó tirẹ̀.

Owó náà rí bẹ́ẹ̀: èyí tí Ààrẹ béèrè, èyí tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n ná. Apá kan tún wà tó ń gba inú ìṣúná náà kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn àjọ mìíràn. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó sọ owó tí iléeṣẹ́ náà ní di púpọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ.

Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá 2019 ni wọ́n dá Space Force sílẹ̀, nítorí náà ẹ má kọ 0 sí ọdún 2018 bíi pé kò sẹ́ni tó ń bójú tó sátẹ́láìtì nígbà náà. Abẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú ni iṣẹ́ ọ̀hún wà. Orúkọ àwọn ibùdó ológun kan náà yí padà nígbà tí wọ́n di ti Space Force: ti Patrick ní Florida lóṣù Kejìlá 2020, ti Vandenberg ní California lóṣù Kárùn-ún 2021. Ẹ fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun.

Níbi tí ìjọba ò bá ti sọ iye, ẹ kọ ọ́ pé wọn ò gbé e jáde. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé tẹ́ ẹ lò pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á, torí wọ́n máa ń tún iye ọdún tó kọjá ṣe nínú ìwé tuntun.