Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù: kí ni òwe yìí ń sọ, ta sì ni ìlàrí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ìlú àwọn elf, tí mo pè ní iwin ní Yorùbá. Inú igbó ni wọ́n wà, ọbabìnrin ló ń jọba lé wọn lórí, wọ́n sì ń bá ìlú àwọn ènìyàn àti ìlú àwọn aràrá dá májẹ̀mú. Mo fẹ́ kí àwọn ikọ̀ ọbabìnrin yìí máa jẹ́ ìlàrí, bíi ti àwọn ìránṣẹ́ ọba ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Mo tún fẹ́ fi òwe sí wọn lẹ́nu, àmọ́ méjì tí mo mọ̀ dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn. Ọ̀kan ní, “Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.” Èkejì ní, “Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.” Èwo ló tọ́ sí ìlàrí?

Ìdáhùn: Ẹ kú làákàyè. Méjèèjì ló tọ́ sí i, ìlàrí tí ò bá sì mọ méjèèjì pọ̀ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n.

Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, yá obìnrin kan ládùúgbò wa ní ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ìkejì kọjá, ìkòkò ò padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n pè mí, inú ń bí wọn, wọ́n ní: “Lọ sọ fún un pé bí ìkòkò mi ò bá délé lálẹ́ òní, èmi fúnra mi ni n ó wá gbé e, ojú á sì tì í.” Mo ń lọ lọ́nà, ọ̀rọ̀ yẹn ń jó mi lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Màmá Àgbà ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìkòkò ọjọ́sí se nǹkan lálẹ́ òní, kí ẹ jọ̀ọ́ bá àwọn fi rán mi.” Obìnrin náà dìde, ó fi kànrìnkàn fọ ìkòkò, ó gbé e rù mí, ó tún bu ẹ̀wà sínú abọ́ kan pé kí n gbé e fún Màmá. Màmá wo ìkòkò, wọ́n wo abọ́ ẹ̀wà, wọ́n ní, “Kí lo sọ fún un?” Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “O jẹ́ ẹ.”

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán mi, tọmọ ni mo fi jẹ́ ẹ: mo yọ ìbínú kúrò, mo fi ìkíni sí i. Ṣùgbọ́n “lálẹ́ òní” ò kúrò lẹ́nu mi. Ká ní mo rí ojú obìnrin náà kí n wá sọ pé “nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn,” mo ti bẹ̀rù ẹni tí mo ń jẹ́ ẹ fún nìyẹn, mo sì ti ba iṣẹ́ ẹni tó rán mi jẹ́. Òwe kìíní ń ṣọ́ ohun tí a ní kí ikọ̀ sọ, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ yí. Òwe kejì ń ṣọ́ ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tó rán an kọ́ ló wà níkàáwọ́ ikọ̀, ohùn ara rẹ̀ nìkan ni.

Ìlàrí wá ni ẹni tí òwe méjèèjì bá wí jù lọ, nítorí pé ẹrú ọba ni púpọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá wọ ìlú, bí ìgbà tí ọba wọ̀ ọ́ ni. Orúkọ náà ti sọ ara rẹ̀: orí tí a là ni. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ènìyàn di ìlàrí ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, wọn á fá gbogbo irun orí rẹ̀, wọn á sín in ní gbẹ́rẹ́ lórí, wọn á fi oògùn ra á, wọn á wá sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Láti ọjọ́ náà lọ, ọrọọrún ni yóò máa fá apá kan orí. Apá kejì tí oògùn wà, abẹ ò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Irun ibẹ̀ á máa gùn, wọn á máa dì í. Bí ẹ bá rí i láti òkèèrè, ẹ ti mọ ẹni tó ni ín. Kò nílò ìwé àṣẹ kankan, orí rẹ̀ ni ìwé. Inú yín á dùn láti gbọ́ pé obìnrin náà ń jẹ ìlàrí. Apá ni wọ́n ti ń sín tiwọn. Nítorí náà, ọbabìnrin yín lè ní tọkùnrin tobìnrin láìṣe àṣà lábùkù.

Ohun tí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìtàn sì máa ń gbàgbé ni orúkọ. Orúkọ ìlàrí kì í ṣe orúkọ ènìyàn, gbólóhùn láti ẹnu ọba ni. Ọ̀kan ń jẹ́ Ọbalólú, ọba ni olórí gbogbo. Òmíràn ń jẹ́ Mádàríkàn, má ṣe forí gbárí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wá wò ó bí baálẹ̀ ìlú kékeré kan ṣe jókòó láàárọ̀, tí wọ́n wá sọ fún un pé Mádàríkàn ti dé ẹnu bodè. Kí àlejò tó la ẹnu rárá, iṣẹ́ tó wá jẹ́ ti wọlé.

Kí ló fà á tí Ọ̀yọ́ fi nílò irú ènìyàn bẹ́ẹ̀? Aláàfin ayé àtijọ́ kì í jáde ságbo. Ìgbà mẹ́ta péré ló máa ń fara han ará ìlú lọ́dún: ọdún Mọ́lẹ̀, ọdún Ọ̀rún àti ọdún Bẹẹrẹ. Ìyókù ọdún, inú ààfin ló wà. Ìlú tó ń sìn ín sì nasẹ̀ dé ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, dé Dahomey, tó sin Ọ̀yọ́ láti ọdún 1748 títí Gezo, ọba Dahomey, fi kọ̀ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1823. Ọba tí ẹnikẹ́ni kì í rí gbọ́dọ̀ ní ojú mìíràn tí ayé yóò máa rí. Èyí bá ọbabìnrin inú igbó yín mu dáadáa. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó máa yọjú lójoojúmọ́ bí ìyálọ́jà. Bí gbogbo ènìyàn bá ń rí i, kò sí ohun tí ìlàrí wà fún mọ́.

Ẹ tún ní láti mọ̀ pé ìlàrí ń gbé àṣẹ lọ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá àṣẹ, tí ogun rúgbó bọ̀ tàbí tí ìdúnàádúrà wà ńlẹ̀, Ọ̀yọ́ ní ẹlòmíràn. Nínú àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì (Baṣọ̀run, Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìn-ín-ni, Lágùnà, Akínìkú àti Àṣípa), Lágùnà ni ikọ̀ ìlú nígbà tí nǹkan bá le. Ẹrú ọba kọ́ ni Lágùnà. Ó ní ilé tirẹ̀ àti ènìyàn lẹ́yìn, ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn tó lè gbé igbá ẹyin odídẹrẹ́ síwájú Aláàfin pé kó lọ kú, pé òrìṣà kọ̀ ọ́, ará ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ kọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ọbabìnrin yín bá ń pàṣẹ fún àwọn abúlé tó ń sìn ín, ìlàrí ni kó rán. Bó bá fẹ́ bá ọba àwọn aràrá sọ̀rọ̀ lójúkojú gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, tó bá rán ìlàrí síbẹ̀, àfojúdi ni, ogun sì lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ìtàn yín yóò ti dùn.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìlàrí bá gbàgbé òwe kejì? Ẹ lọ bi àwọn Ẹ̀gbá. Kí Abẹ́òkúta tó wà rárá, nígbà tí Ẹ̀gbá ṣì fọ́n ká inú igbó wọn, Ọ̀yọ́ fi àwọn ìlàrí sí ìlú wọn láti máa ṣojú Aláàfin. Àwọn wọ̀nyí ò jíṣẹ́ ọmọ mọ́. Wọ́n ń gba ohun tí wọ́n bá rí, wọ́n sì ń jẹ gàba lé olóko lórí. Líṣàbí, àgbẹ̀ ni òun náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀dọ́ sí àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ, ọ̀tunla oko ẹlòmíràn. Ọ̀yọ́ rí wọn pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá, wọ́n ní iṣẹ́ oko ni. Nínú àáró yẹn ni wọ́n ti mọ ara wọn, tí wọ́n ti mọ ọjọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà jákèjádò ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìtàn wa sílẹ̀ ní ìlàrí tí wọ́n pa lé ní 600. Títí di òní Ẹ̀gbá ń ṣọdún Líṣàbí. Ìbàdàn náà ò fi tiwọn kọ́gbọ́n: ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí wọ́n fi sí ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, fojú aráàlú rí màbo, títí Fábùnmi fi pa èyí tó wà ní Òkèmẹ̀sí, ogun Kírìjì sì tìtorí rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìlàrí jẹ́ ikọ̀ tó lè lọ kó bọ̀, ajẹ́lẹ̀ jókòó síbẹ̀ ni. Mo gbà pé jíjókòó yẹn ló máa ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá lọ tó bọ̀ ṣì ń rí ojú ẹni tó rán an, ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó jókòó di ọba kékeré.

Johnson yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ikọ̀. Ní ọdún 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀, àwọn tó ń bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Mo máa ń rántí èyí nígbàkúùgbà tí mo bá ka ibi tó ti ṣàpèjúwe ìlàrí. Ẹni tó ti ru ọ̀rọ̀ gbígbóná láti ibùdó kan dé èkejì ló kọ ọ́.

Ẹ tún ronú nípa àrokò, nítorí pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ là ń fi ẹnu jẹ́. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ ní ojúkojú, ọ̀rẹ́ ni, mo fẹ́ rí ọ. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹyọ mẹ́fà, ẹfà, ń sọ pé ọkàn mi fà mọ́ ọ. Mẹ́jọ, ẹ̀jọ, ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ, a fohùn ṣọ̀kan. Ìdí nìyí tí òǹkà fi di èdè: etí Yorùbá gbọ́ “fà” nínú ẹfà, ó gbọ́ “jọ” nínú ẹ̀jọ. Èyí ò lè ṣiṣẹ́ fún aràrá tí kò gbọ́ èdè iwin. Bí ọbabìnrin yín bá fi ẹyọ mẹ́jọ ránṣẹ́ sí wọn, ẹyọ mẹ́jọ lásán ni wọ́n máa rí, wọ́n tilẹ̀ lè rò pé owó tí kò tó nǹkan ló fi ń bú wọn. Kí ìlàrí wà níbẹ̀ láti tú u.

Ní ti orúkọ “iwin” tí ẹ lò fún elf, mi ò bá yín jà. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n lóòótọ́. Àwọn ará àríwá Yúróòpù ló ni elf. Nínú ewì àtijọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Iceland, Álfheimr ni ilé wọn, àwọn òrìṣà ibẹ̀ sì fi ta Freyr, ọ̀kan nínú wọn, lọ́rẹ nígbà tó hu eyín àkọ́kọ́. Iwin tiwa, inú igi là ń gbọ́ pé wọ́n ń gbé, ìrókò pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ gé ìrókò máa ń ṣètùtù kó tó ta àáké sí i. Ètùtù yẹn ni májẹ̀mú tó ti wà láàárín ìlú àti igbó tipẹ́tipẹ́ kí ẹ tó mú kálàmù. Bí àwọn ènìyàn inú ìtàn yín bá gé ìrókò kan láìṣètùtù, ẹ ti rí ìdí tí ọbabìnrin fi máa ránṣẹ́.

Bí ẹ ò bá ní fá orí wọn, tí ẹ ò sì ní yí orúkọ wọn padà, ẹ máa pè wọ́n ní ikọ̀ tàbí òjíṣẹ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlàrí lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí irun apá kan gùn dé èjìká, kí ẹ sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tí ọbabìnrin fẹ́ kí ayé gbọ́. Bó bá jẹ́ èmi, àgbà inú wọn, èyí tó máa wọ ìlú àwọn tó gé ìrókò lọ, Igbókòtán ni n ó pè é.