Kí ló sọ owó Jámánì di yẹpẹrẹ ní ọdún 1923?

Owó bébà tí ìjọba ń tẹ̀ jáde láìsí ohun tó tì í lẹ́yìn ló fà á. Owó yíyá ni Jámánì fi ja ogun àgbáyé àkọ́kọ́ jù, nígbà tó sì pàdánù, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé ìjọba tiwa-n-tiwa tuntun tó gorí àlééfà. Ní oṣù kìíní 1923, àwọn ọmọ ogun Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù gba agbègbè Ruhr, níbi tí èédú àti irin pọ̀ sí, nítorí ìtanràn tí Jámánì kò san pé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba ló ń bọ́ wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló sì ń pèsè owó náà.

Ṣáájú ogun, nǹkan bíi máàkì (owó Jámánì) 4.2 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ní oṣù kọkànlá 1923, ó ti di tírílíọ̀nù 4.2. Ojoojúmọ́ ni wọ́n wá ń san owó iṣẹ́, ẹni tó bá sì gbà á a sáré lọ ra búrẹ́dì kó tó tún wọ́n sí i.

Oṣù yẹn náà ni wọ́n gbé owó tuntun, Rentenmark, jáde: ẹyọ kan rẹ̀ dípò tírílíọ̀nù kan máàkì àtijọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló pàdánù o. Ẹni tó fowó pamọ́ sí báńkì ló jìyà jù. Onígbèsè fi owó yẹpẹrẹ san gbèsè tirẹ̀ tán.