Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: «Ẹsẹ̀ òsì ni kẹ́ ẹ fi bọ́lẹ̀»

ÌBÉÈRÈ: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, mo ti pé ọdún 58, léèsì ni mo ń tà ní Balógun. Ọdún mọ́kànlá ni ìgbáròkó òsì fi dà mí láàmú. Mo tiro títí débi pé télọ̀ mi máa ń gé apá òsì gáùn mi kúrú ju apá ọ̀tún lọ kó má baà wọ́lẹ̀. Oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti pààrọ̀ ìgbáròkó náà fún mi ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ìrora ibẹ̀ ti lọ, alihamudulilahi, ẹsẹ̀ méjèèjì sì ti dọ́gba. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti jí lórí bẹ́ẹ̀dì ni ẹsẹ̀ òsì mi láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka kò ti gbé sókè mọ́. Ó kàn ń rọ̀ wọ̀ọ̀ ni. Sálúbàtà á bọ́, n ò ní mọ̀, àwọn ọmọ ìsọ̀ ló máa pariwo pé, «Alhaja, bàtà yín ti wà lẹ́yìn!» Tó bá di òru, orí ẹsẹ̀ náà á máa ta mí bíi pé wọ́n fi ata rodo ra á. Dókítà ní iṣan ló nà jù, kí n ní sùúrù. Sùúrù dà? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní wọ́n ti bà mí jẹ́, pé ká lọ bá bàbá kan ní Ìkòròdú tó máa ń fa ẹsẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní lọ́yà ni ká pè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ dánfó láti CMS lọ sí Yábà, kọ̀ndọ́ ní, «Mọ̀mí, ẹsẹ̀ òsì ni kẹ́ ẹ fi bọ́lẹ̀ o!» Mo fi í bọ́lẹ̀ lóòótọ́. Orí orúnkún ni mo bá ara mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹsẹ̀ yìí ṣì máa jí?
Alhaja A., Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN: Alhaja, àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ kọ̀ndọ́ yẹn. Ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣe ló lè rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn eléegun ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pààrọ̀ ìgbáròkó tèmi lọ́dún 2016, ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bá rọ̀ wọ̀ọ̀ bíi tiyín gan-an. Gbogbo ohun tí mo ti máa ń sọ fún àwọn aláìsàn, wọ́n wá sọ ọ́ padà fún mi. «Màmá, ẹ ní sùúrù.» Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ife omi lu ọmọ nọ́ọ̀sì tó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ iṣan yìí, torí èdè wa máa ń dà á rú. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pè é. Èyí tó so ẹran mọ́ eegun, iṣan náà ni. Èyí tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, a tún pè é ní iṣan. Ìdí rèé tí àwọn èèyàn fi ń fi àdí àti òrí ra ẹsẹ̀ yín, wọ́n rò pé iṣan tó le ni, pé ó máa rọ̀. Ti ìkẹyìn yìí ni dókítà yín ń wí, èyí tí wọ́n ń pè ní nẹ́ẹ̀fù. Ẹ̀yìn ìgbáròkó gan-an ló gbà kọjá, ó tó ìka ọwọ́ ní ìwọ̀n. Ó pín sí méjì. Ìhà kan ń lọ sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ìhà kejì yí ẹ̀gbẹ́ orúnkún ká bọ́ sí iwájú ojúgun, òun ló ń gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìhà kejì yìí fara mọ́ eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún típẹ́típẹ́, kò ní àyè àtinà, nítorí náà bí wọ́n bá fà á lókè, òun ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ohun tí wọ́n ń kọ sínú káàdì pé foot drop nìyẹn.

Ta ló wá fà á? Ẹ wo gáùn yín. Ọdún mọ́kànlá ni ẹsẹ̀ òsì fi kúrú, tí gbogbo ohun tó wà nínú itan náà sì ti bá a kúrú. Dókítà wá mú ẹsẹ̀ gùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí méjèèjì lè dọ́gba. Eegun gbà, nẹ́ẹ̀fù kò gbà. N kò sí níbẹ̀, n kò lè búra pé bó ṣe rí nìyẹn. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú egbò náà sì lè tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n gáùn télọ̀ yín ni ẹlẹ́rìí tó ṣe pàtàkì jù tí mo rí nínú lẹ́tà yìí. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n bá pààrọ̀ ìgbáròkó wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó máa ń ṣe bí ẹnì kan, nígbà mìíràn méjì, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ dókítà tó mọ iṣẹ́ dáadáa. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ kó tó pe lọ́yà. Ohun tó dùn mí ni pé ó jọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín ṣáájú kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà, kí ẹ sì bi dókítà pé: sẹ̀ǹtímítà mélòó lẹ fi mú ẹsẹ̀ mi gùn? Ẹ fi ohùn tútù béèrè ni o. Ẹ ṣì nílò ọkùnrin náà.

Ṣé ó máa jí? Ẹ mọ okùn ṣòkòtò, Alhaja. Bí okùn bá já nínú òjá ṣòkòtò, ihò tó gbà kọjá ṣì wà níbẹ̀. Èèyàn á fi píìnì ti òmíràn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi yọ lódìkejì. Nẹ́ẹ̀fù tó nà jù máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: awọ òde rẹ̀ kò já, òwú inú rẹ̀ ló kú, ó sì tún máa hù láti òkè wá sísàlẹ̀. Mìlímítà kan lójúmọ́ ni ó ń hù. Ẹ wá gbé téèpù ìsọ̀ yín. Láti ìgbáròkó dé ìsàlẹ̀ orúnkún, níbi tí ẹran tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì yáàdì ni, sẹ̀ǹtímítà bíi 45. Ìyẹn ọjọ́ 450, ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin tiyín, sẹ̀ǹtímítà 12 ni. Itan ló ṣì wà! Ẹ̀yin tó ń ta aṣọ, ṣé ẹ máa ń gé ìdajì yáàdì fún oníbàárà tó fẹ́ márùn-ún?

Ìròyìn tó dùn ju èyí wà: bí nẹ́ẹ̀fù bá kàn dákú ni, tí òwú inú rẹ̀ kò kú, ó máa ń jí láàárín oṣù mẹ́ta. Tiyín ti kọjá ìyẹn, ẹ kò sì sọ pé ohunkóhun ti mì. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fi yín ṣọwọ́ fún àyẹ̀wò nẹ́ẹ̀fù, èyí tí wọ́n ń fi iná díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ṣe. Ó máa ń ta èèyàn lára, n kò ní parọ́. Òun ló máa sọ bóyá òwú ń bọ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín jà díẹ̀ nìyí. Sùúrù tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ní, iṣẹ́ ni. Bí ẹsẹ̀ bá rọ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsí ẹni tó gbé e sókè, ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á kúrú, ọrùn ẹsẹ̀ á le gan-an bí ìrókò. Nẹ́ẹ̀fù á wá dé, á kan ilẹ̀kùn, kò ní bá ẹni tó máa ṣí i. Mo ti rí i lára obìnrin kan ní wọ́ọ̀dù wa. Nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè lo jíjí náà. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú iṣẹ́ ọdún 31 nìyẹn.

Ẹ wá òjá kan, òjá ìpọnmọ gan-an, tó gùn. Ẹ jókòó lórí àga gíga, ẹ na ẹsẹ̀ òsì, ẹ fi òjá há abẹ́ ibi tí ọmọ ìka ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ojúgun. Ẹ ka ọgbọ̀n, ẹ tú u sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ní àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Òjá ni mo wí, kì í ṣe ọwọ́, nítorí ẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú lọ fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Ìgbáròkó tuntun kò fẹ́ kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, àfi tí dókítà bá ti yọ̀ǹda. Àpótí tí ẹ ń jókòó lé ní ìsọ̀, ẹ gbé e fún ọmọ. Ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, torí ẹ̀gbẹ́ orúnkún tó bá tẹ̀ mọ́ra ni nẹ́ẹ̀fù yìí kan náà ń gbà.

Lẹ́yìn náà ni splint. Rọ́bà líle ni, ó tẹ̀ bíi igun ilẹ̀kùn, ó wọ inú bàtà, ó gùn dé ìsàlẹ̀ orúnkún lẹ́yìn, òun ló ń bá yín gbé ẹsẹ̀ sókè. Ní Igbóbì, tó di ilé ìwòsàn lọ́dún 1945 lẹ́yìn tó ti jẹ́ ibi ìtọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń wọn irú èyí sẹ́sẹ̀ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà lásán lè há yín lẹ́sẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ torí ibẹ̀ ti kú tipiri. Lálaalẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi dígí wo awọ ẹsẹ̀ náà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì àgbà, mo gbé ìgò omi gbígbóná lé ẹsẹ̀ lóru nítorí ó ń tutù bíi yìnyín, nígbà tí mo fi jí, awọ ibẹ̀ ti jó. Egbò náà gba ọ̀sẹ̀ méje. Kò sí omi gbígbóná, kò sí balùmù olóòórùn gbígbóná, kò sí rírìn láìwọ bàtà nínú ilé.

Ti ata rodo òru: irora nẹ́ẹ̀fù ni, Panadol kò mọ̀ ọ́n. Dókítà lè kọ amitriptyline, gabapentin tàbí pregabalin. Díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́, wọ́n sì máa ń kun èèyàn lóorun, nítorí náà ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá dìde lóru lọ tọ̀. Kí kẹ́míìsì ojú títì má ṣe tà á fún yín fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì dàpọ̀ mọ́ tramadol tí ọmọ àdúgbò máa ń júwe. Bí ẹ bá ti ń lò ó, ẹ má já a lójijì. Mo máa ń fi aṣọ sílíìkì wẹ́wẹ́ nu orí ẹsẹ̀ mi kí n tó sùn, lẹ́yìn náà táwẹ̀lì, kí awọ lè rántí pé aṣọ kì í ṣe ata. Ó ràn mí lọ́wọ́. Ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, torí àtọ̀gbẹ ń ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́ fúnra rẹ̀.

Bàbá Ìkòròdú ńkọ́? Rárá. N kò bú wọn. Àwọn kan mọ eegun apá dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní ìbàdí yín báyìí jẹ́ orí irin nínú ago, bí wọ́n bá fà á tí wọ́n yí i, ó lè yọ kúrò nínú ago. Nígbà náà, ẹsẹ̀ á kúrú lójijì, á dojú kọ inú tàbí òde, irora á sì lé yín dé tíátà padà. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tàbí ibà, tàbí egbò tó ń sun, tàbí ẹ̀yìn ojúgun tó wú tó sì ń ro, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín pé Màmá Nọ́ọ̀sì ló kọ̀, kí wọ́n bínú sí mi.

Èkó wá kù. Ọ̀pá ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gbọ́, òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Lórí àtẹ̀gùn, ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ gòkè, òsì ló ń kọ́kọ́ sọ̀. Ti dánfó le jù: ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó sì máa ń rìn nígbà tí èèyàn ń bọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí kọ̀ndọ́ fi ń ní kẹ́ ẹ fi òsì bọ́. Ó dára fún ẹni tí òsì rẹ̀ ń gbọ́ràn. Ẹ̀yin, ẹ pariwo nígbà tó bá ku búsítọ́ọ̀pù kan: «Ẹ dúró pátápátá, ẹsẹ̀ mi ń ṣàìsàn!» Wọ́n á bú yín, wọ́n á dúró. Bí owó bá wà, kẹ̀kẹ́ sàn jù.

Nípa ìrun, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé ẹ̀sìn yín gba aláìsàn láàyè láti kírun lórí àga. Àga tó ga tó sì le. Ti kíkúnlẹ̀ kí àgbà ló mú mi sunkún nígbà tèmi. Níbi ìnáwó kan ní Sùúrùlérè, mo dúró gàgàrà níwájú ìyá ọkọ mi, ojú tì mí. Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, mo ní, «Bá mi kúnlẹ̀.» Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n súre fún àwa méjèèjì. Láti ìgbà náà, ọmọ ló ń kúnlẹ̀, èmi ń tẹrí ba.

Tèmi? Oṣù karùn-ún, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí èèrà nínú itan. Oṣù kẹtàlá, mo jókòó mò ń ṣa ẹ̀wà, ẹsẹ̀ mì. Mo ní kí ọmọ mi wá wò ó, kò gbà mí gbọ́ àfi ìgbà kejì. Ọdún kejì ni mo bọ́ splint. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kò gbé sókè títí di òní, orí ẹsẹ̀ ṣì kú díẹ̀. Àwọn kan máa ń jí tán, àwọn mìíràn kì í jí rárá, tí ọdún kan àbọ̀ sí méjì bá sì kọjá, iṣẹ́ abẹ mìíràn wà tí wọ́n fi ń yí iṣan ẹran kan láti ẹ̀yìn ojúgun wá gbé ẹsẹ̀ sókè. Kò tíì kàn yín.

Ẹ fi ìka kan ẹ̀yìn itan yín wẹ́wẹ́ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, láti òkè lọ sísàlẹ̀, ẹ kọ déètì àti ibi tó ti ta jìn-ìn, torí ibẹ̀ ni òwú nẹ́ẹ̀fù hù dé, sínú ìwé ìṣirò ọjà yín. Ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sọ ibi tó dé. Sálúbàtà yẹn, Alhaja, ẹ fi tọrẹ.