Ogun tí a kò kéde, ṣé ogun ni?

Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló bi mí níjọ́sí, ìròyìn ń lọ lórí rédíò: “Ẹ̀gbọ́n, bí ìjọba kan bá ju bọ́ǹbù sí orílẹ̀-èdè ẹlòmíì tí kò sì kéde ogun, ṣé a lè pè é ní ogun?”

Ogun ni. Òwe tí gbogbo wa ń pa ti dáhùn ìbéèrè náà: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. À ń fi òwe yìí gba ara wa níyànjú pé ká tètè múra, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ “àgbọ́tẹ́lẹ̀” yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ogun là ń gbọ́ tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi í kún un? Àwọn tó kọ́kọ́ pa á mọ̀ pé ogun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í gbúròó rẹ̀ kó tó wọ̀lú, ìyẹn sì ń pa arọ, ó ń pa ẹni tó lè sáré. Ìkéde kò sọ nǹkan kan di ogun. Àyè ló fún arọ láti tètè wọ́ kúrò lọ́nà.

Láyé àtijọ́, ogun tí kò ní ìkéde rárá ní orúkọ tirẹ̀: sùnmọ̀mí. Àwọn jagunjagun á ṣàdédé ya wọ oko, wọ́n á kó àwọn tó ń roko lẹ́rú, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìjòyè kan kò pèpàdé, ẹnikẹ́ni kò gbé ọ̀págun jáde. Síbẹ̀, bí ìyá ẹnìkan kò bá padà délé láti oko lọ́jọ́ náà, ohun tí ará ilé ń sọ ni pé “ogun kó o.” Orúkọ tí ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ń pè é ni mo gbà gbọ́.

Òfin àgbáyé náà ti wá síbi tí òwe wa wà. Lọ́dún 1907, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Hague ní kí ìjọba kọ́kọ́ kìlọ̀ kó tó gbé ogun ko ẹnìkejì. Àwọn ìjọba wá rí i pé bí àwọn kò bá kéde, àwọn lè ní kò sógun. Ìdí nìyẹn tí àwọn àdéhùn Geneva ti 1949 fi sọ pé òfin ogun de gbogbo ìjà ológun láàárín orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i, bí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ń sẹ́ pé ogun kọ́. Ẹ̀mí èèyàn wà nínú èyí o: òfin yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti pa sójà tí ọwọ́ wọn bá ti tẹ̀. Amẹ́ríkà kò kéde ogun mọ́ láti 1942, bẹ́ẹ̀ wọ́n jà ní Korea, wọ́n jà ní Vietnam.

Ìkéde ṣì níṣẹ́ tirẹ̀ o, kí a má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ó ń sọ ẹni tó láṣẹ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 5, ní Ààrẹ kò lè kéde ogun àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì jókòó pọ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Àwa náà ti rí i nílé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje 1967 tí ìjà Biafra bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gowon ní iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán ni. Ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra wọ ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn (Mid-West) ní oṣù Kẹjọ ni wọ́n tó wá sọ pé ogun gidi ló kù.

Bàbá kan ládùúgbò wa wà ní Nsukka nígbà náà. Mo pe ọmọ mẹkáníìkì náà, a jọ lọ kí wọn, mo sì ní kó bi wọ́n ní ìbéèrè rẹ̀. Bàbá ká apá agbádá wọn sókè, wọ́n na ọwọ́ òsì sí i. Ìgúnpá náà kò nà tán. Àpá kan wà níbẹ̀ tó dán bí ike.

“Oṣù Keje ni ìbọn bà mí,” wọ́n ní. “Wọn ò tíì yí orúkọ ẹ̀ padà nígbà yẹn.”