Ṣé omi líle ló ń ba kẹ́tùlù wa jẹ́ ní Sùúrùlérè?

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ ná. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù bá funfun bí ẹfun, kálísíọ́mù inú omi ni, èròjà tó ń mú kí a pe omi ní omi líle. Ìgbà tí omi bá hó ló máa ń yọ jáde, á bo irin tó ń gbóná, omi ò ní tètè hó mọ́, yúníìtì iná á sì tètè tán. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ dà á sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, yóò ṣí.

Àmọ́ omi bọ́ọ̀hóòlù Èkó kì í sábà le. Irin ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀: bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì ń ba aṣọ funfun jẹ́, irin nìyẹn. Ní ìhà Lekki, iyọ̀ òkun tún máa ń wọ inú omi ilẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀rọ ìfọṣọ dípẹtà.