Ṣé omi nìkan ni Fẹlá ń kọ́rin nípa ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtọ̀rẹ́ mi ń jiyàn lórí Water No Get Enemy tí Fẹlá kọ, ó lórin omi lásán ni, èmi ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀. Òwe wa ni, omi ò lọ́tàá, 1975 ló gbé e jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù Expensive Shit. Wo bó ṣe tò ó: o fẹ́ wẹ̀, omi ni, o fẹ́ sebẹ̀, omi ni, gbogbo ẹ̀ rọrùn, gbogbo wa ń mi orí, àfi ìgbà tó ní tómi bá pa ọmọ ẹ, omi náà lo ṣì máa lò. Há! Ibẹ̀ niṣẹ́ wà, torí a ti ń gbà fún un látìbẹ̀rẹ̀, a ò lè jiyàn mọ́. Agbára tí ò ṣeé bá jà ló ń sọ, àmọ́ kò dárúkọ ìjọba kankan níbẹ̀, ìwọ lo fi kún un (ẹni tó bá mọ Fẹlá á rò ó bẹ́ẹ̀ ṣá). Fèrè sì ti kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ pẹ́ kó tó lanu rárá, kí ọ̀rẹ́ ẹ má fo ibẹ̀ yẹn o.